Ṣé O Mọ̀? Owó Máìlì Nìkan Kọ́ Ni Owó Iṣẹ́ Tírélà

Ẹni tó bá ń wa tírélà ọ̀nà jíjìn mọ ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn kì í yé bi í: "Èló ni wọ́n ń san fún ẹ?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ kò tó. Èló ni wọ́n ń san nígbà tí táyà ń yí? Èló ni wọ́n ń san nígbà tí ọkọ̀ dúró? Ta ló ń san owó ilé ìwòsàn? Kí ló máa wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ò bá ríran tó láti wakọ̀ lóru mọ́? Àwọn ọmọ wa ń wọ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, àwọn tó wà nílé náà ń wà á láti Èkó dé Kánò. Torí tiwọn ni mo ṣe kó àwọn òkodoro yìí jọ. Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi wọ́n díwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ka owó

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà kì í gba owó wákàtí? Máìlì ni wọ́n ń kà fún wọn, sẹ́ǹtì mélòó kan lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Táyà ń yí, owó ń wọlé. Táyà dúró, owó náà dúró.

Ṣé o mọ̀ pé máìlì tí ọkọ̀ rìn lè ju máìlì tí wọ́n sanwó rẹ̀ lọ? Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í wo aago máìlì inú ọkọ̀. Ìwé ìṣirò ọ̀nà ni wọ́n ń lò, èyí tó ń ka ọ̀nà láti ìlú kan sí ìkejì, kì í ka láti ẹnu géètì dé ẹnu géètì. Gbogbo bí o ṣe yí kiri kí o tó rí ilé ẹrù, àti ọ̀nà tí wọ́n dí tí o fi gba ibòmíràn, ọ̀fẹ́ ni o ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé òfin òfátáìmù Amẹ́ríkà yọ àwọn awakọ̀ yìí sílẹ̀? Òfin ọdún 1938 tí wọ́n ń pè ní Fair Labor Standards Act sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó kan àti ààbọ̀ lórí wákàtí tó lé. Àmọ́ òfin náà kò fún àwọn tó ń wakọ̀ ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní ẹ̀tọ́ yìí, torí pé òfin ọkọ̀ ọdún 1935 ti gbé wákàtí iṣẹ́ wọn lé ìjọba lọ́wọ́. Ó ti lé ní 80 ọdún báyìí. Awakọ̀ lè ṣe wákàtí 60 lọ́sẹ̀ kan láìrí sẹ́ǹtì kan lé e, kò sì lòdì sí òfin ìjọba àpapọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, owó ọdún awakọ̀ tírélà tó wà ní àárín gbùngbùn jẹ́ dọ́là 57,440? Ìyẹn ni pé ìdajì wọn ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì yòókù kò tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà sì pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn: ó lé ní mílíọ̀nù méjì àwọn tó ń ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé nínú iṣẹ́ kan náà, ẹlòmíràn lè gba nǹkan bí ìlọ́po méjì? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Walmart kéde pé awakọ̀ òun lè gba dọ́là 95,000 sí 110,000 lọ́dún àkọ́kọ́ tó bá wọlé. Ẹrù ara rẹ̀ ni Walmart ń kó, láti ilé ẹrù tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ò ní láti máa ná ẹrù lọ́jà bíi ti ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Nítorí náà, kí o tó béèrè iye owó, béèrè ẹni tó ni ẹrù.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ń wa tírélà lálaalẹ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì ń sùn lórí ibùsùn wọn nílé? Àwọn tó ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń da ẹrù oríṣiríṣi oníbàárà pọ̀ ni. Wọ́n ń gbé ẹrù láti ibùdókọ̀ ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, wọ́n á pààrọ̀ tírélà, wọ́n á sì yí padà. Owó wọn sábà máa ń dára ju ti ẹni tó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí títì lọ.

Ṣé o mọ̀ pé owó ìkíni-káàbọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ìpolówó kì í sábà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà? Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ lórí oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Bí o bá kúrò kó tó pé, èyí tó kù ti lọ nìyẹn. Bákan náà ni ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ "ọ̀fẹ́": bí o bá fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú àdéhùn, gbèsè owó ẹ̀kọ́ náà lè tẹ̀ lé ọ dé ibi tí o ń lọ.

Aago ń lọ, ọkọ̀ ò lọ

Ṣé o mọ̀ pé awakọ̀ ẹrù ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ, láàárín wákàtí 14 láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 10 gbáko. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ti ń ka wákàtí yìí fúnra rẹ̀. Ìwé tí àwọn èèyàn ń fi bírò tún ṣe láyé àtijọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìdúró lẹ́nu ilé ẹrù kì í sábà dá aago wákàtí 14 yẹn dúró? Ibi tí ìyà iṣẹ́ yìí fara pamọ́ sí nìyí, jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Awakọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí. Ó wakọ̀ fún wákàtí kan, ó gúnlẹ̀ sí ilé ẹrù ní aago mẹ́fà, ó fi ìwé hàn ní géètì, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà ilẹ̀kùn. Ó fi ẹ̀yìn tírélà wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Iná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Tó bá pupa, kò gbọdọ̀ ṣíra. Tó bá di àwọ̀ ewé, ó lè máa lọ. Aago mẹ́jọ lù, iná pupa. Aago mẹ́wàá lù, iná ṣì pupa, kò sì tíì gbúròó fọ́kílíìfù kankan lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Aago mọ́kànlá ni iná di àwọ̀ ewé.

Ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú wákàtí ìwakọ̀ 11, ẹyọ kan ṣoṣo ló tíì lò, mẹ́wàá ló kù fún un. Àmọ́ wákàtí 14 rẹ̀ máa pé ní aago méje alẹ́, mẹ́jọ péré ló sì kù síbẹ̀. Wákàtí ìwakọ̀ méjì ti bọ́ lọ. Tó bá ń rin máìlì 60 ní wákàtí kan, tí wọ́n sì ń san sẹ́ǹtì 60 fún un lórí máìlì, dọ́là 72 ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wákàtí márùn-ún tó fi jókòó ńkọ́? Ọwọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló kù sí.

Ṣé o mọ̀ pé àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ fi dúró, kò sówó kankan lórí rẹ̀? Lẹ́yìn wákàtí méjì ni owó ìdúró, tí wọ́n ń pè ní detention, máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́rù kó má sì kó gbogbo rẹ̀ fún awakọ̀. Béèrè kí o tó fọwọ́ sí ìwé: ìgbà wo ni owó ìdúró mi ń bẹ̀rẹ̀, èló sì ni ní wákàtí kan?

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣírò ohun tí ìdúró yìí ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀? Ní ọdún 2018, ọ́fíìsì aṣàyẹ̀wò àgbà ti iléeṣẹ́ ìrìnnà wọn sọ pé ó ń dín owó àwọn awakọ̀ kù pẹ̀lú bílíọ̀nù dọ́là 1.1 sí 1.3 lọ́dún. Wọ́n tún rí i pé tí ìdúró bá fi ìṣẹ́jú 15 gùn sí i, ìjàǹbá ọkọ̀ ń lọ sókè ní ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí wọ́n dá dúró á fẹ́ sáré bá aago. Nígbà tó bá ń sáré, èmi àti ìwọ la jọ wà lójú títì pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wíwá ibi tí èèyàn máa gbé ọkọ̀ sí gan-an ń jẹ owó? ATRI, ẹgbẹ́ olùwádìí iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ní Amẹ́ríkà, rí i pé awakọ̀ ń pàdánù nǹkan bí ìṣẹ́jú 56 lójúmọ́ torí pé ó ní láti tètè dúró kí ààyè tó tán. Wọ́n ní ó tó dọ́là 4,600 lọ́dún.

Ṣé o mọ̀ pé òfin àwọn ibì kan ti sọ pé ìdúró náà jẹ́ iṣẹ́? Ní Brazil, òfin ọdún 2015 kò ka wákàtí tí awakọ̀ fi ń dúró de ẹrù mọ́ wákàtí iṣẹ́. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó wákàtí rẹ̀ ni wọ́n ń san lórí rẹ̀. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ wọ́gi lé e: wákàtí ìdúró, wákàtí iṣẹ́ ni. Ní California náà, láti oṣù Kìíní ọdún 2016, agbanisíṣẹ́ tó ń sanwó lórí ìwọ̀n iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó ọ̀tọ̀ fún àkókò ìsinmi àti àkókò tí òṣìṣẹ́ fi wà lẹ́nu iṣẹ́ láìsí owó kankan tó ń wọlé fún un.

Ohun tí kò sí nínú owó máìlì

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìwádìí ìlera tí àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NIOSH ṣe láàárín awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní adójútòfò ìlera? Ìdá 69 ló sanra kọjá ààlà, ìdá 51 sì ń mu sìgá. Ìjókòó gbogbo ọjọ́, oúnjẹ ilé epo àti oorun tí kò pé kì í ṣe ara lóore. Iṣẹ́ tó ń ṣe ara báyìí, tí ilé iṣẹ́ ò sì bá ọ dá sí owó dókítà, ń gba owó rẹ̀ padà lára rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi dandan lé ìsinmi ọdọọdún tó lówó nínú fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni? Ohun tí ìwọ àti ilé iṣẹ́ bá jọ kọ sínú ìwé ni ẹ̀tọ́ rẹ. Ní Ìlú Ọba, ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún ni òfin wí, ìyẹn ọjọ́ 28 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ní Brazil, ọjọ́ 30 ni, wọ́n á sì fi ìdá mẹ́ta owó oṣù lé e. Owó oṣù kẹtàlá náà tún wà, láti ọdún 1962.

Ṣé o mọ̀ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ tó bá sùn sínú ọkọ̀ tó ní ibùsùn lè gba pọ́n-ùn 26.20 lóru kan láìsan owó orí lórí rẹ̀? Òté tí àjọ owó orí wọn fi lé e nìyẹn. Kò pọn dandan kí ilé iṣẹ́ san án, nítorí náà fi kún ohun tí o máa béèrè.

Ṣé o mọ̀ pé owó oúnjẹ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní per diem lè dùn lónìí kó sì dunni lọ́la? Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, dọ́là 80 lójúmọ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà fún òṣìṣẹ́ ìrìnnà tó sùn síta. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gé lára owó máìlì rẹ kí wọ́n lè pè é ní per diem. Owó orí kò kan apá yẹn, nítorí náà owó tó dé ọwọ́ rẹ á pọ̀ sí i. Àmọ́ owó oṣù tó wà lákọọ́lẹ̀ ti kéré sí i, òun sì ni ìjọba máa fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ. Òun náà ni báńkì máa wò lọ́jọ́ tí o bá lọ yáwó ilé.

Ṣé o mọ̀ pé ìyàtọ̀ òṣìṣẹ́ àti "alágbàṣe" lè tó ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ? Tí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, o máa san ìdá 7.65 sí àpò ìfẹ̀yìntì àti ìlera àgbàlagbà, agbanisíṣẹ́ á san iye kan náà. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí alágbàṣe, méjèèjì di tìrẹ, ìdá 15.3. Awakọ̀ méjì lè máa wa irú ọkọ̀ kan náà lójú ọ̀nà kan náà, kí èyí tó ń gba sẹ́ǹtì tó pọ̀ jù máa mú owó tó kéré jù délé.

Ṣé o mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì awakọ̀ ló ná ìjọba Amẹ́ríkà ní nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là 36 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n fi nǹkan bí iye yẹn gba àpò Central States Pension Fund là, àpò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters gbẹ́kẹ̀ lé. Èèyàn tó lé ní 350,000 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ká ní wọn ò ṣe é ni, owó tí àwọn bàbá àgbà ń gbà lóṣù ì bá dín kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọkọ̀ tìrẹ, gbèsè tìrẹ

Ṣé o mọ̀ pé "wakọ̀ títí kí ọkọ̀ di tìrẹ" ti kó ọ̀pọ̀ awakọ̀ sí gbèsè? Ilé iṣẹ́ á yá ọ ní ọkọ̀, á máa gé owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwọ lo máa ra epo, ìwọ lo máa tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí ẹrù bá wọ́n, awakọ̀ lè fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ kí ó sì jẹ gbèsè. Ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dá a lámọ̀ràn pé kí wọ́n fòfin de irú àdéhùn yìí.

Ṣé o mọ̀ pé ẹjọ́ awakọ̀ kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ náà sì borí? Dominic Oliveira ni orúkọ rẹ̀, New Prime ni ilé iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, adájọ́ mẹ́jọ fohùn ṣọ̀kan pé awakọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí alágbàṣe pàápàá ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹjọ́ owó rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọn ò lè fi òfin ìjọba àpapọ̀ tì í sọ́dọ̀ alárinà aládàáni.

Bí owó náà ṣe lọ sílẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí awakọ̀ ẹrù wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn dára jù ní Amẹ́ríkà? Ní ọdún 1964, Jimmy Hoffa ti ẹgbẹ́ Teamsters fọwọ́ sí àdéhùn kan ṣoṣo tó bo gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tó kan nǹkan bí awakọ̀ 400,000. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1980, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó ṣí ọjà náà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ra ọkọ̀, kó wọlé, kó sì dín owó ẹrù kù. Ẹlẹ́rù jèrè. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rọ, owó iṣẹ́ náà sì rọ tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Belzer, tí òun fúnra rẹ̀ ti wa tírélà rí, kọ odindi ìwé lé e lórí ní ọdún 2000.

Ṣé o mọ̀ pé wíwà nínú ẹgbẹ́ kò ní kí ilé iṣẹ́ má wó? Yellow, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù tó pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà, kógbá sílé ní ọdún 2023. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ 30,000 ló pàdánù iṣẹ́, 22,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Má wo owó máìlì nìkan, wo ìlera ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Ṣé o mọ̀ pé òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ka sísan owó lórí ìwọ̀n ọ̀nà tí èèyàn rìn léèwọ̀ tó bá lè fa ewu lójú títì? Níbẹ̀, wákàtí mẹ́sàn-án ni ìwakọ̀ òòjọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n lè sọ ọ́ di mẹ́wàá. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú 45. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ wákàtí 45, awakọ̀ kò gbọdọ̀ fi inú ọkọ̀ ṣe ilé. Agbanisíṣẹ́ ló máa san owó ibi tó máa sùn.

Ṣé o mọ̀ pé òfin tó dára yẹn kò tíì gba gbogbo èèyàn sílẹ̀? Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn awakọ̀ láti Georgia àti Uzbekistan, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan láti Poland, gbé ọkọ̀ wọn dúró sí Gräfenhausen ní Jámánì. Wọ́n ní àwọn ò kúrò títí àwọn á fi gba owó àwọn. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, àwọn ará àdúgbò sì ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Oṣù Kẹrin ni owó náà tó jáde. Ìdúróṣinṣin wọn ló gbà á.

Nílé wa ńkọ́?

Ṣé o mọ̀ pé owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà, náírà 70,000 láti oṣù Keje ọdún 2024, lè má kan awakọ̀ tírélà kan rárá? Òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó tún yọ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí ìwọ̀n iṣẹ́ tó bá ṣe. Bẹ́ẹ̀, tírípù ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ń jẹ, ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ní.

Ṣé o mọ̀ pé ìdúró ní Àpápá nìkan ti jẹ òógùn awakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún? Àwọn kan ń lo ọ̀sẹ̀ lórí ìlà kí wọ́n tó wọ èbúté. Ẹni tó ń jẹ owó tírípù, tírípù kan náà ló ń jẹ, ì báà fi ọjọ́ méjì ṣe é tàbí ogún ọjọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì láti tún ìlà náà ṣe, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Ètò, ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé ilé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wa ń sùn kò ju abẹ́ ọkọ̀ lọ? Ya Ògèrè lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nírọ̀lẹ́. Wàá rí ẹní tí wọ́n tẹ́ sáàárín táyà, sítóòfù tí ìkòkò ìrẹsì wà lórí rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tírélà, àti mọ́tò-bọ́ì tó ń fi òòlù lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè gbọ́ èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ọmọ yẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹnu dírẹ́bà ni owó tirẹ̀ wà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ẹ̀tọ́ kan wà nínú òfin Nàìjíríà tí kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ awakọ̀? Òfin Iṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ dá owó: ìdá 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́, ìdá 8 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ó tún ní kí wọ́n ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún rẹ̀. Òfin ọdún 2010 náà wà, èyí tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, nítorí ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Bi ọlọ́kọ̀ tí o ń bá ṣiṣẹ́ léèrè èwo nínú wọn ló ń ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ náà ṣì ń dá ìjà sílẹ̀? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo NUPENG da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ní àwọn awakọ̀ tánkà tuntun ilé iṣẹ́ Dangote gbọ́dọ̀ lè wọ ẹgbẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Jókòó, ká jọ ṣírò

Ká sọ pé ilé iṣẹ́ méjì ń pè ọ́ ní Amẹ́ríkà. Àkọ́kọ́ ní òun á san sẹ́ǹtì 65 lórí máìlì. Ìkejì ní sẹ́ǹtì 58. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa mú àkọ́kọ́. Rọra.

Ọ̀sẹ̀ kan, máìlì 2,200, wákàtí iṣẹ́ 70, wákàtí ìdúró mẹ́jọ nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́: 2,200 ní sẹ́ǹtì 65 jẹ́ dọ́là 1,430. Kò sówó ìdúró. Adójútòfò ìlera ń gba dọ́là 150 lọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀. Ó ku dọ́là 1,280, ìyẹn dọ́là 18.29 ní wákàtí kan.

Ìkejì: 2,200 ní sẹ́ǹtì 58 jẹ́ dọ́là 1,276. Owó ìdúró, wákàtí mẹ́jọ ní dọ́là 20, jẹ́ 160. Àpapọ̀ 1,436. Ilé iṣẹ́ ń bá ọ gbé púpọ̀ nínú owó ìlera, dọ́là 50 péré lo máa san. Ó ku dọ́là 1,386, ìyẹn dọ́là 19.80 ní wákàtí kan.

Ẹni tó ń san sẹ́ǹtì tó kéré ló fún ọ ní dọ́là 106 lé sí i lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 50, dọ́là 5,300 ni. A ò tíì ka ohun tó ń bá ọ fi sí àpò ìfẹ̀yìntì.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé

Bi wọ́n léèrè ohun méje yìí, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: Máìlì wo lẹ ń kà, ti ìwé ni àbí ti aago ọkọ̀? Máìlì mélòó ni awakọ̀ yín ń rìn lọ́sẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣeé rìn? Ìgbà wo ni owó ìdúró ń bẹ̀rẹ̀, èló sì ni? Òṣìṣẹ́ ni mo jẹ́ àbí alágbàṣe? Èló ni mo máa san fún ìlera èmi àti ìdílé mi? Kí lẹ ń fi sí àpò ìfẹ̀yìntì mi? Alẹ́ mélòó ni mo máa sùn nílé lóṣù?

Ilé iṣẹ́ tó bá ní ìdáhùn gidi kò ní bínú sí ìbéèrè. Èyí tó bá bínú ti dá ọ lóhùn.

Ìwọ tí kò wa tírélà náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Tòmátì inú ọbẹ̀ rẹ, símẹ́ǹtì ilé rẹ, oògùn tí o rà lánàá, ọwọ́ awakọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Bí o bá ní ọkọ̀, san owó ìdúró fún ẹni tó ń wà á. Bí o bá ní ilé ẹrù, má fi wákàtí ẹlòmíràn ṣòfò. Wákàtí tí èèyàn fi jókòó de ẹrù rẹ, ara ọjọ́ ayé rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ni, ó sì yẹ kó gba owó rẹ̀.